Ọta Roboto Tí Mo Yọ Lára Ẹfọ̀n

Àkànní Ògúnyẹmí, ọmọ Àlàdé alágbẹ̀dẹ, ará Ṣábẹ̀. Ọmọ a-fẹ́-ewìrì-kílẹ̀-tó-mọ́. Ọmọ irin pọ́n, kò jó wọn lọ́wọ́. Àkànní a-tẹ-odò-Òkpárà-bí-ẹni-tẹ-ẹní. Bàbá Pọ́ọ̀lù, ọkọ Àbẹ̀kẹ́. Òun ló kú. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Oríkì rẹ̀ tí mo kọ yìí kò pé. Ó ku ẹyọ kan, èmi ni mo sì jí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ìwé kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà lọ́dọ̀ àwọn fadá, mo sì ti darúgbó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí òun náà fi lọ. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó kù tó lè sọ ọ́.

Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dahomé. N kò tún rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ mọ́. Òjò ti rọ̀ dáadáa. Koríko ga ju orí èèyàn lọ, odò Òkpárà sì kún dé ìdí àràbà. Ní ìlú Parakou, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tuntun ń dé, àwọn oníkàmíọ̀n tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ń dé, gbogbo wọn ló ń béèrè ẹran ìgbẹ́ àti ẹja yíyan. Ohun tí a bá pa kì í sùn mọ́jú lọ́jà.

Èmi àti Àkànní kò sinmi. Tí wọ́n bá ti sun koríko nígbà ọyẹ́, inú igbó ni a wà: ìgalà, òyà, awó. Tí odò bá fà, tó wá ku kòtò-kòtò, a ó gbé ìbọn kọ́, a ó gbé ìgèrè, a ó lọ kó àrọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló ń yan ẹja náà ní àgbàlá wọn ní àdúgbò Albarika. Èéfín rẹ̀ wọ aṣọ wa débi pé tí a bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á rọra sún jìnnà sí wa.

N kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Etí odò ni mo máa ń dúró sí, Àkànní á sì máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

"Sún mọ́ ọn díẹ̀," ló máa ń wí. "Odò ò mọ̀ ọ́ rí. Bó o bá já sínú ẹ̀, yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́."

Mo ṣì ń dá rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá Wóru ni olórí ọdẹ wa. Bàrìbá ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá bí èmi àti ẹ̀yin. Àṣà ẹgbẹ́ wa le. Tí ìbọn méjì bá dún sí ẹran kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án títí olórí yóò fi dé. Òun ni yóò kun ún, tí yóò sì gbé ọta inú rẹ̀ sókè kí gbogbo ojú rí i. Ẹni tó ni ọta ló ni ẹran. Kì í sí ẹjọ́ ńbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ọta ẹnì kejì rẹ̀. Ara ìkòkò irin tó ti fọ́ ni mo ti ń ṣẹ́ tèmi, ó máa ń rí jágajàga. Àkànní tó jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa lu tirẹ̀ títí yóò fi rí roboto bí èkùrọ́.

Tí ẹran náà bá sì jẹ́ ẹfọ̀n, ẹni tó pa á ló ń gba ìrù. Yóò gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kú, wọn yóò tẹ́ ẹ sí i láyà, àwọn ọdẹ yóò sì fi orúkọ ẹfọ̀n náà kún oríkì rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń lọ sópin, a rí ẹfọ̀n kan tó ń dá mumi létí odò. A yìnbọn pọ̀. Ìró méjì di ọ̀kan. Ẹfọ̀n sáré díẹ̀, ó ṣubú. Nígbà tí a débẹ̀, ihò kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, lẹ́yìn apá òsì.

A wo ara wa. Àkànní bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀kan nínú wa ti yìnbọn lu Parakou."

Ó ní kí n dúró ti ẹran náà, kí òun lọ pe Bàbá, torí ẹsẹ̀ òun yá ju tèmi lọ. Ó sáré lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Bàbá mi kò pa ju òyà lọ láyé rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi bú wa nílé ọdẹ. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ wò ó ni. Mo ti ọ̀bẹ bọ inú ihò náà. Ohun tó jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbóná rí roboto bí èkùrọ́.

Mo mú ọ̀kan nínú tèmi láti inú àpò. Mo fi ìka tì í wọlé títí ìka mi kò fi lè lọ mọ́. Mo nu ọwọ́ mi sí koríko. Mo jókòó.

Bàbá Wóru dé, òun pẹ̀lú Sábì àti Dáúdà tí wọn yóò ru ẹran. Ó kun ún. Ó gbé ọta jágajàga sókè. Àkànní wò ó pẹ́. Ó wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Bàbá Wóru ní, "Àkànní, o ti fi ẹ̀tù ṣòfò."

Àánú ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Dáúdà ru ọ̀rọ̀ náà délé ju bó ṣe ru ẹran lọ. Kí ọjà ọjọ́ kejì tó tú, gbogbo Albarika ti ń pe ọ̀rẹ́ mi ní Afẹ̀tùṣòfò. Èmi di Bàbá Ẹlẹ́fọ̀n kí n tó hu irùngbọ̀n.

Kò bínú. Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún yẹn kò gbé ìbọn mọ́, odò ló dojú kọ. Ó sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé ẹja kì í pe èèyàn lórúkọkórúkọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà. A jókòó létí odò, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Láìwò mí, ó ní, "Ẹni tó kun ẹran ló mọ ohun tó bá nínú ẹ̀."

Mo ní, "Ṣebí Bàbá Wóru ló kun ún."

"Òun ló kun ún kẹ́yìn."

Ó fi eyín já okùn àwọ̀n, ó sì bi mí bóyá ebi ń pa mí.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kan tí kò fi àrọ̀ yíyan ránṣẹ́ sí mi ní àdúgbò Titirou tí mò ń gbé. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ó wá sùn tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń múra láti sọ fún un. Gbogbo àádọ́ta ọdún náà ni mo fi ń múra.

Lọ́jọ́ ìsìnkú Àkànní, mo fi ìrù ẹfọ̀n náà sínú àpò, pẹ̀lú ọta roboto tí mo ti tọ́jú sínú agolo tábà. Mo fẹ́ tẹ́ ẹ sí i láyà. Wọn kò tíì kan ìdérí pósí. Ọdẹ mẹ́ta péré ló wá, bí aládùúgbò ni wọ́n sì ṣe wá. Wọn kò mú ìbọn dání. Wọn kì í yìnbọn fún apẹja.

Pọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá Ẹlẹ́fọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ nǹkan kan nípa bàbá wa."

Mo dìde. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Afẹ̀tùṣòfò ti lọ o." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní apẹja tó mọṣẹ́ ni. Mo jókòó. Wọ́n kan ìdérí pósí.

Ìrù náà wà lórí itan mi bí mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayé jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé e fún Pọ́ọ̀lù, kí ó mọ̀ pé ọmọ apẹfọ̀n ni òun? Àbí ọgbẹ́ tuntun ni n ó dá sí Àbẹ̀kẹ́ láyà, òun tó ṣì ń yan ẹja fún mi? Kò sí Bàbá Wóru mọ́. Kò sí Sábì, kò sí Dáúdà. N kò rí ẹni tí n ó bẹ̀, ẹ̀yin ni mo bẹ̀.

Èyí tó kù nínú oríkì rẹ̀ nìyí: Àkànní, a-pa-ẹfọ̀n-fi-ìrù-tọrẹ.

Ọjọ́ Sátidé ni a sin ín.