Ajá Tí Kì Í Jẹun Láì Kọ́kọ́ Sáré

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, èmi ni mo máa ń gun màṣíìnì níwájú àwọn ajá ní Àrìmọ̀gìjà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Iṣẹ́ gidi ni! Tọ́lá, ìwọ tó o fẹ́ ra ajá òyìnbó tó ń jẹ bísíkíìtì, jókòó dáadáa, kó o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ajá sílé.

Ẹ gbọ́. Láyé àwọn sójà ni. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, igbó á dí, àwọn ọdẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ríbi dẹ̀gbẹ́ mọ́. Ajá wọn á wá máa sanra lásán. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dá eré ìje ajá sílẹ̀, lórí pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé, lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n á so awọ òkété mọ́ okùn gígùn, wọ́n á so okùn yẹn mọ́ ẹ̀yìn màṣíìnì mi. Èmi á máa yípo pápá, awọ á máa fò tọ̀ mí bọ̀, àwọn ajá á máa lé e. Èyí tó bá kọ́kọ́ mú un, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á gé ẹran fún un. Àwọn yòókù á máa wò ó. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn.

Àbúrò bàbá mi kan wà, Bàbá Ọdẹ là ń pè é. Òun ló ni Kòkànyín. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ ajá ni. Láyé ìgbà yẹn, ará ilé kejì ni wọ́n ń fi orúkọ ajá bá wí. Ajá pupa ni, pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹsẹ̀ gígùn, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Kò pàdánù rí! Bàbá Ọdẹ á máa pariwo, "Kòkànyín! Kòkànyín!" àwọn obìnrin ilé kejì á máa yínmú.

Ó wá di Sátidé kan, Olóyè kan nílùú wá wòran. Èèyàn ńlá, agbádá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n gbé àga tirẹ̀ tẹ̀lé e. Mo fẹ́ kó rí mi dáadáa... ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyẹn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ kọjá. Okùn yí, awọ òkété fò, ó lọ há sí etí agbádá Olóyè, okùn já. Èmi ò mọ̀. Mò ń gun màṣíìnì mi lọ, mò ń juwọ́ sáwọn èèyàn. Ajá mẹ́jọ ti yà kúrò lẹ́yìn mi!

Olóyè dìde, ó sáré. Olóyè tí wọ́n ń di lọ́wọ́ mú kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò! Ó yípo pápá lẹ́ẹ̀kan, ó yípo lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan tí ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Kó tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti wà lórí igi máńgòrò. Kòkànyín gbé fìlà rẹ̀ sẹ́nu, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń retí ẹran. Ẹran rẹ̀ tọ́ sí i, àbí kò tọ́ sí i?

Orí igi yẹn ni òfin ti jáde. Ó ní, "Eré ìje ajá parí nílùú yìí! Ajá tó bá tún sáré, ìkòkò ọbẹ̀!"

Bàbá Ọdẹ ní, "Olóyè, tó bá jẹ́ adìyẹ ló ń lé ńkọ́?"

Ó ní, "Kó máa rìn tọ̀ ọ́ lọ! Ní ti pupa tó gbé fìlà mi yìí, kí wọ́n pa á kí ọjà ọ̀la tó tú."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ń jẹ ẹran ajá lápá ọ̀dọ̀ wa. Bàbá Ọdẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "Ìwọ lo gun màṣíìnì. Gbé e lọ. Tó bá fi padà wá síbí, apá mi ò ní ká a mọ́."

Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé nígbà yẹn, mò ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, Sátidé nìkan ni mo máa ń wá sílé. Mo gbé ajá sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn màṣíìnì, ó di Ọ̀wọ̀. Màmá yín àgbà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, tíṣà ni, ẹ̀rù ajá ń bà á. Ó wò mí, ó wo ajá, ó tún wo yàrá kan ṣoṣo tí a ní. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, mo fún un dọjọ́ Jímọ̀. Kó padà síbi tó ti wá."

Ibi tó ti wá kẹ̀? Inú ìkòkò?

Wàhálà míì tún wá dé. Kòkànyín ò jẹun. Mo gbé ẹ̀bà fún un, ó wò ó. Mo gbé ìrẹsì ẹlẹ́ja fún un, ó wo ẹja, ó wo èmi. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta... Ó ń rù. Ẹ gbọ́, mo kúnlẹ̀, mo fẹnu jẹ nínú abọ́ rẹ̀ kó lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é! Ibẹ̀ ni onílé bá mi. Ó dúró, ó mi orí, ó ní, "Káfíńtà, nǹkan le tó báyìí, ẹ ò sì sọ fún wa?" Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ gbé iṣu wá fún wa.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, màmá yín ti ọjà dé. Pọ̀nmọ́ tí wọ́n sín sórí okùn bọ́ nínú báàgì rẹ̀, okùn há, pọ̀nmọ́ ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e, kò mọ̀. Ajá tí kò lè dìde láti àárọ̀ dìde! Màmá yín bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Ó figbe ta, ó sá. Bó ṣe ń sá ni pọ̀nmọ́ ń fò tẹ̀lé e. Wọ́n yípo kànga lẹ́ẹ̀mẹta. Kòkànyín mú un, ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ okùn mọ́ ọn, ó wá lọ lá ẹsẹ̀ màmá yín.

Màmá yín di ògiri mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ajá yìí... kò tíì mọ̀ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ó ń dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré."

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Mi ò bi í. Lọ́sàn-án, ó ti ilé ìwé dé, ó bọ́ bàtà, ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ bá mi wá okùn." Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ pólì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á tò sórí fẹ́ǹsì, wọ́n á máa pariwo, "Tíṣà! Tíṣà!" Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ gbọ́, ojú tì í, ó sì ń sáré náà. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn... ẹ jẹ́ kí n mumi.

Ọdún ń yí lu ọdún. Kòkànyín darúgbó. Irun ẹnu rẹ̀ funfun, orúnkún rẹ̀ di bíi tèmi yìí. Kò lè sáré mọ́, àmọ́ kò ní jẹ nínú abọ́. Ẹ wá wo ohun tí màmá yín ṣe. Ó dín ìrìn kù. Á fa ẹran yẹn díẹ̀, á dúró, á díbọ́n bíi pé ó ti rẹ òun. Ajá á gbẹ́sẹ̀ kan, á sinmi. Á tún gbẹ́sẹ̀ kan. Tó bá fẹnu kàn án, màmá yín á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Kòkànyín ló ṣe ipò kìíní!" Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló sáré.

Nítorí náà, Tọ́lá, tó o bá fẹ́ mú ajá wálé, má bèèrè àwọ̀ rẹ̀. Bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Háà. Ayé ti yí padà. Gbogbo yín lẹ̀ ń kánjú. Lánàá tí a jọ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ẹ ti délé, ẹ ti jẹun tán, kí n tó dé ìdí géètì. Ajá mi darúgbó, ó rẹ́ni dúró dè é.