Ìgbì Ìyá Affis

Ẹ̀yin ará Bantè, ẹ̀yin tí ẹ ti Savalou àti Gouka wá, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Jacqueline, ìyàwó wa, kú ìrọ́jú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú tó ń sunkún yìí sọ ohun tí mo rí.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Rakia, Ìyá Affis, tó ni ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ àgbàdo, èyí tó fara ti ilé yìí. Mùsùlùmí ni mí, Kátólíìkì ni Rigobert tí a ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, ọdún mẹ́rìnlá la sì fi jọ ń lò ó. Ẹ̀yin ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ físíìkì ló jẹ́ fún yín. Àbúrò ló jẹ́ fún mi, àbúrò olórí kunkun.

Wọ́n ní ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Èmi ò ní fi Rigobert ṣe ère lónìí. Alágídí ni. Ẹ bi Jacqueline wò. Bí o bá ní oúnjẹ ti jinná, Rigobert á bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀. Kò sí ohun tó máa ń wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, àfi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣé ẹ rántí bí a ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? À ń sọ pé ó kàwé títí, ó wá lọ jókòó ti omi tí kò tó bù mu. Nínú yàrá ẹ̀yìn, ó gbé páìpù onígíláàsì kan nàró, omi ń ṣàn sílẹ̀ lára ògiri rẹ̀ nínú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò nípọn tó èékánná. Fáànù kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín páìpù náà, ni omi bá ń ru ìgbì. Ìgbì yẹn ló fẹ́ wọ̀n. Mo ní kó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó yé da ara rẹ̀ láàmú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ohunkóhun bá kan omi tó fẹ́lẹ́ tó báyẹn, ó ti bà á jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè wọ̀n ọ́n láìfọwọ́ kàn án. Ó po nǹkan kan mọ́ omi náà tó máa ń tàn bí iná aláwọ̀ búlúù bá bà á. Ibi tí omi bá ti nípọn á tàn gan-an, ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ á ṣú díẹ̀. Kámẹ́rà á yà á, kọ̀ǹpútà á sọ bó ṣe nípọn tó. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Ìyá Affis, ibi tí omi bá ti tán lára páìpù gbígbóná, ibẹ̀ ló ń jó. Ẹni tó bá mọ ìgbì náà á mọ ìgbà tí omi fẹ́ tán." Èmi tí ìkòkò ti jó mọ́ lọ́wọ́ rí, ọ̀rọ̀ yẹn yé mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mi ń mi ògiri, ògiri ń mi páìpù. Lálẹ́, iná a máa rẹlẹ̀, fáànù rẹ̀ kì í fẹ́ dọ́gba. Àárọ̀ nìkan ló lè ṣe é, àárọ̀ sì ni àwọn obìnrin ń gbé àgbàdo wá. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n máa pa ẹ̀rọ fún wákàtí kan lọ́jọ́ Alàmísì, aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Mo ní kó gbé omi rẹ̀ lọ sóko. Kò bínú. Alàmísì méje gbáko ló fi wá. Á kí mi, á bá àwọn ìyá arúgbó sọ ẹrù kalẹ̀, á tún béèrè. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀keje, ó sú mi, mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan fi alùpùpù gbé àpò àgbàdo kékeré mẹ́ta dé láti Gouka. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Mo ní ògiri nípọn, Rigobert ò ní mọ̀. Mo bá a lọ̀ ọ́. Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, Rigobert wọlé, ó bi mí bóyá mo tan ẹ̀rọ. Mo ní mi ò fọwọ́ kàn án. Èmi àgbàlagbà yìí! Kò bá mi jiyàn. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú kọ̀ǹpútà. Mo rí ìgbì ńláńlá tó jìnnà síra wọn, àfi lójijì tí mo rí wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn, tó dọ́gba bí eyín ayùn. Ó ní, "Ìyá Affis, èyí bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi ló ń rojọ́ yín o." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa ń bá a, tèmi ò tó wákàtí kan. A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "ìgbì Ìyá Affis", ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ti ọjọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Alàmísì tó kọjá, ó wá. Ó ní ó ku wákàtí kan péré kí òun kó iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ránṣẹ́ sí yunifásítì ní Calavi. Àgbàdo tuntun ti dé, èrò pọ̀ níwájú mi. Mo ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Kò burú. Omi ò lọ ibì kankan." Omi ò lọ, Rigobert ló lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀jẹ̀ ríru dá a dúbúlẹ̀. Wọn ò tíì gbé e dé ilé ìwòsàn ní Savalou tó fi dákẹ́. Ó dùn mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó dùn mí wọra.

Bérénice ọmọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, òun ló máa ń bá bàbá rẹ̀ to kámẹ́rà. Jacqueline ti gbà. Lọ́la, ká tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, Bérénice á wọn èyí tó kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù gbé èrò, ẹ gba ẹ̀yìn ọjà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Èmi náà ò sì gbẹ́kẹ̀ lé ara mi mọ́. Bérénice, súnmọ́ ibí. Bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ mi rèé. Gbà á, gbé e pamọ́, má dá a padà fún mi àfi tí a bá sin bàbá rẹ tán.

Rigobert, àbúrò mi, máa lọ ire. Má yà sọ́tùn-ún, má yà sósì. Ohun tí wọ́n bá ń wọ̀n lọ́hùn-ún ni kí o bá wọn wọ̀n. Bí wọn ò bá sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, má gbà fún wọn. Wákàtí rẹ rèé, mo gbé e wá. Bí o bá rí ìgbì wẹ́wẹ́ kan lọ́la, kì í ṣe ẹ̀rọ mi o. Èmi ni mò ń sunkún lẹ́yìn ògiri.