Èmi Ni Mo Da Àwọ̀ Sórí Ìwé Ìrìnnà Rẹ

Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Dókítà ní ó ti rẹ ọkàn mi, èmi náà sì mọ̀. Mi ò pè yín kí ẹ wá sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́wàá, mo sì fẹ́ pọ̀ ọ́ síta kí n tó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Mo ti kọjá ẹni tí à ń fojú dẹ́rù bà.

Ìwọ ọmọ mi, nọ́ọ̀sì, ṣé o rántí iṣẹ́ tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ní ìlú òkèèrè? O ní ìwọ àti ọmọ rẹ lẹ jọ ń lọ, kí n máa tọ́jú ilé. Mo rẹ́rìn-ín, mo súre. Irọ́ ni mo ń pa. Inú mi gbóná ju áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ oníbàárà lọ.

Ìwọ ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà náà. Ìbéèrè là ń pè ọ́, torí ẹnu rẹ kì í sinmi. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ kan fún ọ ní páálí ìṣeré tí àwọn ọmọdé fi ń po sìláìmù: gọ́ọ̀mù funfun, omi tó ń mú un dì, àti ìgò àwọ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà. Orí tábìlì ìránṣọ mi la ti pò ó. “Ìyá àgbà, kí ló dé tó ń fà bí itọ́ ìgbín?” “Pò ó, jẹ́ kí etí mi sinmi!” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ lọ, ìyá rẹ wà níbi iṣẹ́, ìwọ wà nílé ìwé. Mo mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, mo ṣí i síbi tí físà wà, mo da gọ́ọ̀mù àti gbogbo àwọ̀ aró inú páálí rẹ lé e. Mo pa á dé, mo jókòó lé e bí adìyẹ tó ń sàba. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí ìyá rẹ figbe ta pé, “Ta ló ṣe eléyìí?” èmi ni mo dáhùn pé, “Ta ló ń fi àwọ̀ ṣeré nílé yìí? Mo rí i nídìí dúrọ́ọ̀ láàárọ̀.” O wò mí. “Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò débẹ̀.” Mo dì ọ́ lọ́wọ́ mú, mo ní, “Jẹ́wọ́, ọmọ dáadáa, mọ́mì ò ní nà ẹ́.” O kúnlẹ̀, o jẹ́wọ́, torí o gbà mí gbọ́ ju ara rẹ lọ. Lóòótọ́, kò nà ọ́. Ó kàn yan ọ́ lódì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn sì dunni ju pàṣán lọ. Kí ìwé tuntun tó jáde, wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà lo ti dẹ́kun ìbéèrè. Èmi, àgbàlagbà, mo rí i, mo sì ń ránṣọ mi lọ.

Nọ́ọ̀sì, mi ò bẹ̀ ọ́. Èmi nìkan ni mo tọ́ ọ, mi ò sì fẹ́ kú sínú ilé tó dákẹ́. Bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, mi ò lè búra pé mi ò ní ṣí dúrọ́ọ̀ náà. Bínú bó ṣe wù ọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ-ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bẹ̀. Sún mọ́ mi. Bí àgbà kankan bá tún ní kí o gba ẹ̀ṣẹ̀ tí o ò dá, ì báà jẹ́ ẹni tó bí ìyá rẹ, wò ó lójú, kí o ní, “Èmi kọ́.” Ìyá rẹ nìyí níwájú rẹ. Ó yá, sọ ọ́ fún un.