Táyé àti Kẹ́yìn Ni Mò Ń Pè

Má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀, Búrẹ́mọ̀! Àyà mi ń já, o ní kí n fara balẹ̀! Èmi Làtíífàt ẹ̀gbọ́n rẹ, tí n kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe òṣèlú, èmi ni àwọn ọkùnrin méjì gun ọ̀kadà wá ń wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan! “Níbo ni ìyá tó ní kí alága sọ̀ kalẹ̀ wà?” Ohun tí wọ́n bi Ìyá Abíọ́nà nílé kejì nìyẹn. Wàláì, ẹ̀yìn àpò àgbàdo ni mo sá sí, mo fọwọ́ bo ẹnu.

Alága wo? Ṣé mo mọ alága ìjọba ìbílẹ̀ ni? Ìwọ náà wà níbẹ̀! Iléyá èṣí, abẹ́ igi máńgòrò yìí gan-an lo jókòó sí, tí ò ń na fóònù kiri pé o fẹ́ gba ohùn ilé sílẹ̀. Àwọn ìbejì mi gun igi, mo pariwo, “Táyé! Kẹ́yìn! Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ̀ka yẹn ti jẹrà!” Àbí irọ́ ni mo pa? Ẹ̀ka ò jẹrà? Ọmọ méjì ni mò ń bá wí, ìyẹn ni mo ṣe ní “ẹ”! O gbé e dé Súwídìn níbi tí ẹ ti ń kọrin, o gé orúkọ àwọn ọmọ kúrò, o ki ìyókù bọ àárín ariwo tí ẹ ń pè ní orin. Ta ló máa gbọ́ ọ ní gbogbo Ìbàràpá tí kò ní rò pé àgbàlagbà kan ni mò ń bọ̀wọ̀ fún, pé ẹ̀ka ìjọba ni mo ní ó jẹrà?

Àwọn ọ̀dọ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ síwájú ọ́fíìsì alága nítorí títì tó bàjẹ́, ohùn mi ni wọ́n ń lò láti àárọ̀ dọ̀sán! Àtìgbà yẹn, ọlọ́kadà láti Lánlátẹ̀ dé Tápà, òun ni wọ́n ń kọ.

O ní wọn ò lè dá ohùn mi mọ̀? Búrẹ́mọ̀, ìwọ lo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí àwo orin yín! “Ohùn: Àǹtí Làtíífàt, Igbó-Ọrà.” O ní ẹ̀yẹ lo fi ṣe fún mi? A úsù bílláhi! Ó kù kó o ya àwòrán ilé mi fún wọn!

Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ má kọrin. Nígbà tí ìwọ àti àwọn òyìnbó mẹ́ta yẹn bẹ̀rẹ̀ orin lábẹ́ ilé lọ́hùn-ún, tí yìnyín dí ilẹ̀kùn mọ́ yín, ta ló bẹ Bàbá wa pé kí wọ́n má kọ̀ ọ́ lọ́mọ? Gìtá yín ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá nígbà tí òkúta bá bọ́ sí i, ìwọ á máa da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wàràwàrà lórí ẹ̀, mo ní ó dáa, ọmọ wa ni. Àwo àkọ́kọ́, ẹ bú àwọn tó ní kí àlejò kúrò nílùú. Ìkejì, ẹ kọjú sí àwọn tó ń ta ìbọn. Wọ́n lé yín kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ lọ kọ ọ́ níta gbangba. Ẹ jà láàárín ara yín, ẹ tú ká fún ọdún mẹ́fà, mo dúpẹ́, mo ní ó ti parí nìyẹn. Àṣé ohùn mi lẹ máa fi padà dé! Nígbà tí ẹ bú mínísítà wọn lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n ṣe fún yín? Ṣebí lẹ́tà ni wọ́n kọ sí ìwé ìròyìn! Níbí ńkọ́? Ta ló máa kọ lẹ́tà sí èmi?

Ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń sọ ọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́jà Tápà, ọwọ́ ni mo fi ń júwe àgbàdo fún oníbàárà, wọ́n ń bi mí bóyá ọ̀fun ń dùn mí. Bí ọ̀kadà bá ti rọra dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìtọ̀ á máa gbọ̀n mí. O ní alága náà yẹ kó sọ̀ kalẹ̀? Kó sọ̀, kó má sọ̀, kí ló kàn mí? Fi ohùn tìẹ sọ ọ́!

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Pe àwọn òyìnbó rẹ lónìí. Ẹ dá Táyé àti Kẹ́yìn padà síwájú ọ̀rọ̀ mi. Orúkọ méjì péré! Kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ ni mò ń…

Yéè! Wò wọ́n! Wò wọ́n lórí igi! Ẹ̀ka yẹn náà ni! Búrẹ́mọ̀, dìde, pè wọ́n! Èmi ò lè pariwo, ọlọ́kadà pọ̀ lójú títì. Gbé ohùn sókè! Ṣé ohùn tí o fi bú mínísítà nìyẹn? Wọ́n ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín! Yéè, ẹ̀ka ti ń ya! Táyé! Kẹ́yìn! Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ̀ka yẹn ti jẹrà!

Alihamudulilahi. Ẹ wọlé. Ẹ wọlé kíá, ẹ̀yin ọmọ yìí.

Ṣé o gbọ́? Gbọ́ àwọn ọlọ́kadà lójú títì, wọ́n ti ń gbè é. Mo kọ́kọ́ pe orúkọ o! Ìwọ náà gbọ́ pé mo pe orúkọ! Wọn ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ náà.

Má tẹ̀lé mi wọlé. Jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Bí ọ̀kadà kankan bá dúró, ìwọ ni kó o dá wọn lóhùn. Èmi ò lóhùn mọ́. Ó wà lọ́wọ́ yín ní Súwídìn.