Gílóòbù Bíréèkì Tí Mo Yọ

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má wulẹ̀ máa fojú àánú wò mí, ẹni tẹ́ ẹ ń káàánú yìí kò yẹ lẹ́ni à ń káàánú. Dókítà ti sọ ohun tó sọ, ẹ sì rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síbi tí mò ń lọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ìyá yín ò ti bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó ní. Ó gbà pé àbúrò yẹn ló fa ìjàǹbá tó sọ òun dẹni tó ń tiro. Irọ́ ni. Èmi ni. Ìyá wọn, má tíì sunkún, n ò tíì débì kankan.

Mi ò fẹ́ràn àbúrò yìí rí. Kí n má tún parọ́, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ dòní. Rẹwáyà ni, iná mọ́tò ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá débi pé ẹ̀yin ará ilé yìí sọ ọ́ di òrìṣà àkúnlẹ̀bọ. Rédíò ò sọ̀rọ̀: "Ẹ pe àbúrò mi." Iná pálọ̀ kú: "Ẹ pe àbúrò mi." Nínú ilé tí èmi kọ́! Nígbà tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ògbólógbòó mọ́tò wa wá jó, tá ò rí géèjì epo tí àbúrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe àti ojú tó ń ka eré mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú, ìyá yín tún lanu, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kó di Sátidé, àbúrò mi á wá pààrọ̀ ẹ̀." Mo ní, "Ṣé ọwọ́ tèmi rọ ni?"

Mo ra gílóòbù mẹ́rin, kéékèèké bí ẹ̀pà. Mo yọ orí bátìrì, mo tú ìdè iwájú, mo rọra fa awo dáṣíbọ́ọ̀dù síta, mo já wáyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo gílóòbù wà. Téèyàn bá yí i díẹ̀, á jáde. Mẹ́ta wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹrin bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì fi orúnkún ara mi tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo lè fi lọ ra òmíràn, kí n sì padà dé. Ṣùgbọ́n ìyá yín ń wò mí láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ṣé kí n pè é ni?" Inú mi ru. Mo rí èyí tó ń tan iná pupa tó ń kìlọ̀ nípa bíréèkì, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Mo ní ta ló ń wo ìyẹn? Mo yọ ọ́, mo fi sẹ́yìn ojú tó ń ka eré, mo fi ihò bíréèkì sílẹ̀ lófìfo. Mo dì í padà, gbogbo rẹ̀ tàn yòò. Mo tún pe àwọn aládùúgbò wá wò ó, èmi aláìnítìjú!

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá yín ní, "Bàbá wọn, tí mo bá fa háńbíréèkì, iná pupa yẹn kì í tàn o. Àbúrò mi sì ní tó bá tàn lójú ọ̀nà, kí n dúró lójú ẹsẹ̀, pé ọ́ọ̀lì bíréèkì ló ń tán lọ." Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní, "Tí kò bá tàn, a jẹ́ pé ara mọ́tò le nìyẹn." Ó gbà mí gbọ́. Ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, ó ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn iléèwé, ó tẹ bíréèkì, kò mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn wọlẹ̀ lọ ni. Ọ́ọ̀lì ti jò tán. Ó yà fún àwọn ọmọ iléèwé, ó sì forí mọ́tò gbá ògiri.

Àbúrò rẹ̀ ló lọ tú dáṣíbọ́ọ̀dù wò. Ó wá bá wa nílé ìwòsàn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò iná bíréèkì ṣófo. Ta ló yọ gílóòbù ibẹ̀?" Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Èmi lò ń bi? Ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ tú u, nígbà tó o tún géèjì epo ṣe? Bó o ṣe fi í sílẹ̀ ni mo ṣe bá a." Ẹnu yà á. Ó ní, "Mo fi gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ pé, mo fi ìyá wa búra!" Ìyá yín wò ó, ó wò mí, ó ní, "Bàbá wọn, ṣé ẹ̀yin kọ́?" Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí òun ló burú jù. Mo gbọ́wọ́ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì, mo ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni, kí ẹsẹ̀ yìí má san." Ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀! N ò fi tèmi búra. Ó lé àbúrò rẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ náà ò sì san. Nígbà tí ìyá tó bí àwọn méjèèjì kú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dúró sí níbi sàréè, èmi ni mo di agbòjò mú fún ìyá yín. Inú mi sì dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí kò bá lè sọ pé "ó bọ́ lọ́wọ́ mi" á pa èèyàn lọ́jọ́ kan. Ẹ rántí. Ní ti ìdáríjì, mo fẹ́ ẹ, mo bẹ̀ yín, àmọ́ kì í ṣe èmi ló kàn lónìí. Ìyá wọn, àbúrò rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì ìta láti àárọ̀. Mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ èmi ni mo pè é, kò ní wá. Mo bá ránṣẹ́ sí i pé ìwọ lò ń pè é. Irọ́ ìkẹyìn tí mo pa nìyẹn. Dìde, lọ sọ ọ́ di òótọ́.