Aṣòfin Tí Kò Rí Ẹni Kín Àbá Rẹ̀ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ará, ìtìjú ló gbé mi dìde lónìí. Ẹ mọ̀ mí ní alága ìgbìmọ̀ ìjọ yìí. Ẹ sì mọ Rẹ́bẹ́kà, opó tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí wọ́n ní ó jí aṣọ pẹpẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé sí mi pé kí ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹjọ́ òun. Àbúrò mi ló fẹ̀sùn kàn án, nítorí náà, "Ẹ ní sùúrù" ni mo ń sọ ṣáá.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun fà mí dìde. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí wọ́n ń gé ahọ́n ara wọn jẹ, mo rí àwọn alágbèrè nínú iná, mo rí àwọn aninilára lábẹ́ òkúta, mo ń sá, mo ń ké pe Jésù, iná ń jó mi lẹ́sẹ̀, ọkùnrin náà kò sì dúró!

A dé gbọ̀ngàn kan tó tutù. Àga lọ bẹẹrẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó arúgbó kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Mo dá a lábàá pé kí a ṣàánú mi. Ta ni yóò kín in lẹ́yìn?" Ó tẹ́tí títí. Ó jókòó. Ó tún dìde. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

"Ta nìyí?" ni mo bi ọkùnrin aláṣọ funfun náà.

"Aṣòfin ni ní Amẹ́ríkà láyé àwọn bàbá rẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń dìbò yàn án pé kó máa dáàbò bo àṣà àtijọ́. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tí òfin gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí wọ́n bá gbé òfin wá pé kí ènìyàn dúdú dìbò, kò ní bú ẹnikẹ́ni. Yóò ti ìwé òfin náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, yóò gba oko rẹ̀ lọ. Láìsí alága, kò sí ìpàdé."

"Ṣé kì í gbàdúrà ni?"

"Kò pa ìsìn jẹ rí."

Èmi náà mọ iṣẹ́ yẹn í ṣe.

Ó mú mi gòkè lọ sí ibi ìsinmi. Ìyá dúdú kan jókòó lábẹ́ igi, ó dẹ etí sí ìsàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní ará ìlú aṣòfin yẹn ni, ó sì kú láìdìbò rí.

"Màmá, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo ń gbọ́, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tó bá béèrè ni mo ń dáhùn pé mo kín in lẹ́yìn. Kì í gbọ́ ohùn wa. Kò kọ́ ọ láyé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹni tó mú mi wá pé kó jẹ́ kí n padà kí etí tèmi náà tó di. Bí mo ṣe jí, ilé Rẹ́bẹ́kà ni mo gbà lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

"Bàbá Alága," ni aládùúgbò rẹ̀ wí, "ó ti kó lọ láti ìgbà Àjíǹde. Ẹ ò mọ̀ ni?"

Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ẹjọ́ ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó yáa gbọ́ ọ lónìí. Ẹ tún bá mi wá Rẹ́bẹ́kà. Kí n tó kú, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.