Èmi Ni Mo Ń Fún Màmá Ní Gírépù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí dé ìparí kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé e sùn, tí mo sì ń gbé e jí. Ǹ bá tún máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ó bẹ̀ mí fún ohun kan. 

Ìdànrè ni mò ń gbé, aṣọ ọmọdé ni mò ń tà. Àwa méjì péré ni Màmá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí n ó máa pè ní Àǹtí Sìdí (ẹ má wádìí orúkọ rẹ̀ gan-an), òun ló kàwé. Ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Èmi ni n kò kàwé lọ títí, èmi náà ni mo sì dúró ti Màmá nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa.

Òótọ́ ni mo wá sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo máa ń jowú Àǹtí. Èmi ni mò ń fọ aṣọ Màmá, tí mò ń sá a sórí àpáta lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mò ń dáná, tí mò ń fi òróró ra ẹsẹ̀ wọn. Àǹtí á wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tòun ti búrẹ́dì tòun ti oògùn, gbogbo àdúgbò á sì máa ṣàdúrà lé e lórí, pé ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rí mi. Ó dùn mí, mo sì jẹ́ kó máa dùn mí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yọ Màmá lẹ́nu. Àǹtí mú wọn lọ bá dókítà ní Àkúrẹ́, wọ́n sì kọ oògùn kan fún wọn, hóró kan láràárọ̀. Àmọ́ igi gírépù kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí bàbá wa gbìn, ó máa ń so wìtìwìtì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ nípa gírépù: pé ó korò, pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, pé ó ń yọ ọ̀rá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi rẹ̀, mò ń fún Màmá ní ife kan láràárọ̀. Òun gan-an ni wọ́n fi ń gbé oògùn wọn mì.

Nígbà tí a lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn oṣù kan, ó ti wálẹ̀. Níbi ìpàdé ẹbí, Màmá nawọ́ sí mi níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n fi èdè Ìdànrè wa ní, "Ọma mi nìyí. Ọsàn rẹ̀ ló wò mí sàn." Wọn kò dárúkọ oògùn Àǹtí rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń gbé ìgò òfìfo wá bá mi. Wọ́n sọ mí ní Dókítà Ọlọ́sàn. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, èmi ni mo gbà á sí òótọ́.

Ní oṣù kejì, mo ká gírépù mẹ́fà sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ Màmá, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá jókòó síta, wọn kò gbọ́ ohun tí a sọ. Nọ́ọ̀sì náà yẹ inú ọ̀rá wò, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ ṣeun o. Ṣé Màmá kì í mu eléyìí ṣá?"

Mo ní, "Rárá o. Àwọn ọmọ ló ń mu ún."

N kò mọ ibi tí irọ́ náà ti wá. Bóyá ojú rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Ó mí kanlẹ̀, ó wá ṣàlàyé. Ó ní ohun kan wà nínú ìfun wa tó máa ń dín agbára oògùn kù kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní gírépù ló máa ń de ohun náà lọ́wọ́, tí hóró kan tí Màmá gbé mì á fi dà bíi méjì tàbí mẹ́ta lára wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á sì lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo oògùn ni, ṣùgbọ́n ti Màmá wà níbẹ̀, àti àwọn oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kan, àti irú oògùn kan tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń gbé mì. Ó tún ní kí n má rò pé bí èèyàn bá fi wákàtí díẹ̀ sáàárín, ó ti bọ́. Èyí tí èèyàn mu lánàá ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lónìí.

Ó yé mi. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé kò yé mi.

Bí a ṣe ń lọ sílé lórí ọ̀kadà, ohun tí mò ń rò kì í ṣe ara Màmá. Ohun tí mò ń rò ni pé, àṣé oògùn Àǹtí ló mú ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀. Àṣé òun ló tún ni ìyìn yẹn. Ta ni yóò wá sọ fún àdúgbò pé Dókítà Ọlọ́sàn kò mọ nǹkan kan? Mo bá fọgbọ́n tara mi ṣe é: oògùn láàárọ̀, gírépù ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ti sọ pé ìyẹn kò lè ṣe é.

Kò pẹ́ tí Màmá fi ń sọ pé òòyì ń kọ́ àwọn bí àwọn bá dìde. Ẹsẹ̀ wọn wú. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà ló tún gòkè, torí bí tiwa bá gòkè, a máa ń ní òòyì ń kọ́ wa. Mo bá sọ ife kan di méjì. Ká ní mo mú wọn lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ni, ìdí ọ̀rọ̀ ì bá hàn lọ́jọ́ náà. N kò mú wọn lọ, nítorí nọ́ọ̀sì yẹn ló máa wọ̀n ọ́n, n kò sì fẹ́ kó tún bi mí ní ìbéèrè kankan.

Ọjọ́ Ẹtì kan, Màmá ń kí ìrun ọ̀sán nínú yàrá wọn, mo wà ní ilé ìdáná. Mò ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n dìde, mo sì gbọ́ ìró. Orí wọn ló gbá etí bẹ́ẹ̀dì onírin.

Ní ọsibítù ní Àkúrẹ́, dókítà mú ike oògùn náà lọ́wọ́, ó ní, "Yàtọ̀ sí èyí, ṣé nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń lò? Àgbo? Èso? Ohunkóhun?" Àǹtí yíjú sí mi, torí èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú wọn. Mo ní, "Rárá, sà."

Ọjọ́ kejì ni Màmá kú. A gbé wọn wá sí Ìdànrè, a sin wọ́n kí òòrùn tó wọ̀. Dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó ṣubú, pé ó jọ pé oògùn náà le jù fún wọn. Bóyá bí mo bá ti sọ òótọ́, wọn ì bá rí nǹkan ṣe. Bóyá wọn kì bá rí. N kò lè mọ̀ láéláé. Olórí ẹbí wa jókòó sí pálọ̀, ó ní oògùn Àkúrẹ́ ló pa ìyá yín. Gbogbo ojú yí sí Àǹtí. Èmi náà wò ó.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí a ṣe fídàú tán, Àǹtí fà mí wọ yàrá Màmá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, tó pọ̀n mí dàgbà, kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ìwọ lò ń tọ́jú wọn. Èmi ni mo fi oògùn pa wọ́n. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Mo fà á dìde. Mo ní mo ti dárí jì í. Ẹ gbọ́ mi bí? Mo dárí jì í!

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Mo ti ń retí ọjọ́ náà, kò dé. Ohun tó dé ni ìpè Àǹtí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú òun náà, dókítà kọ oògùn fún un, ó sì kó o dànù. Ó ní, "Irú oògùn tó pa Màmá ni wọ́n tún ní kí n máa gbé mì. N kò lò ó. Jọ̀ọ́, ká gírépù yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ká ní mo ti gbọ́ tìrẹ nígbà náà ni, Màmá ì bá ṣì wà."

Mo ní igi náà kò so lọ́dún yìí. Irọ́ ni. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń jábọ́ sórí àpáta, eṣinṣin ń bò ó. Àǹtí ní kò burú, òun á rà á lọ́jà Àkúrẹ́. Ó sì ti rà á, ó ti ń mu ún.

Lánàá, ọkọ rẹ̀ pè mí. Ó ní òun ti ra oògùn náà padà, òun ń lọ̀ ọ́ kúnná, òun ń dà á sínú ẹ̀kọ Àǹtí láràárọ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Ó ní kí n fàdúrà tì í. Mo ní, "Ẹ má ṣe é mọ́." Ó ní kí ló dé? Mo pa fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní kí n gbé fóònù. Ó wà níwájú mi níbí, ọkọ Àǹtí ti pè lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, n kò gbé e. Bí mo bá sọ̀rọ̀, n kò ní ẹ̀gbọ́n mọ́, n kò sì ní ojú tí n ó fi wo ẹnikẹ́ni ní Ìdànrè. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, mo mọ ẹni tí a tún máa gbé wá sílé láti Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹ kàn bá mi wá ọ̀rọ̀ tí n ó kọ́kọ́ sọ bí ó bá tún dún. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún Àǹtí mi pé lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ yẹn, èmi ló yẹ kó wà nílẹ̀?